Àtẹ̀gùn ilé ọmọláńgidi ò wọ̀ mọ́

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń fi pákó kọ́ ilé ọmọláńgidi onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ọmọ mi. Mo ti lẹ ògiri pọ̀ tán, àtẹ̀gùn ò ráyè wọlé! Ọmọláńgidi náà ga ní ínṣì 5 àbọ̀. Báwo ni kí n ṣe wọ̀n ọ́n?

Káfíńtà: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ jẹ́ kí ínṣì 1 nínú ilé ọmọláńgidi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú ilé gidi. Yàrá á ga ní ínṣì 9. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí kọ́ ọ ná.

Àdùnní: Ẹ dá ihò àtẹ̀gùn sí òkè kí ẹ tó lẹ ògiri. Ibẹ̀ lèmi náà ti ṣì í.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an! Páálí mílíìkì ni mo ń gé báyìí. Àdùkẹ́ ti mú ọmọláńgidi gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.