Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí owó borehole àdúgbò wa

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà, èmi ni mò ń gba owó epo jẹnẹrétọ̀ tá a fi ń fa omi borehole àdúgbò wa. Ilé mẹ́ta ò dá kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì débẹ̀ láràárọ̀! Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ fowó ara mi ra àgádágodo tì í mọ́ wọn. Mo wá ka ìwádìí tí Fehr àti Gächter, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì kan, gbé jáde ní 2002, wọ́n kó èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin jọ, oníkálukú gba owó 20 kó dá èyí tó bá wù ú sápò gbogbo wọn, tí kò bá sí ìjìyà owó tí wọ́n ń dá á máa wálẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fàyè gba ìjìyà, ìbínú á mú kí wọ́n náwó 1 tiwọn kí ahun lè pàdánù 3, owó á sì gòkè. Èmi gan-an nìyẹn! Àmọ́ òmíì tó jáde ní 2008 bà mí lẹ́rù, láwọn ìlú kan ẹni tó dá dáadáa ni wọ́n ń fìyà jẹ. Ìyá àgbà kan sì wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn, bóyá kò ní ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká bu fáìnì lé wọn ni àbí ká kọ́kọ́ pè wọ́n jókòó?