“Ìmọ̀ àyíká igbó” àbí “ìmọ̀ ìbágbé inú igbó”?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣà jọ fún àwọn tó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ nípa igbó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n “ìmọ̀ àyíká igbó” tí ẹ fi ṣe orúkọ ẹ̀kọ́ náà (“forest ecology” lédè Gẹ̀ẹ́sì) kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun tó yí nǹkan ká là ń pè ní àyíká. Ohun tó wà láàárín àwọn tó jọ ń gbé ni ẹ̀kọ́ yìí ń wádìí. Ernst Haeckel, ará Jámánì tó sọ irú ìmọ̀ yìí lórúkọ (“ecology”) ní 1866, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ilé ló mú lò. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “ìmọ̀ ìbágbé inú igbó”.

Ẹ wo ìrókò. Àwa tí à ń gbé nítòsí Òkobàbá, àdúgbò tí a mọ̀ mọ́ pákó lílà ní Èkó, pákó la mọ̀ ọ́n sí. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ lóru, tó ń gbé kóró rẹ̀ lọ jìnnà nínú ikùn. Kóró tó bá bọ́ sábẹ́ òjìji kì í lè ga. Èyí tó bọ́ síbi tí igi ńlá ti wó, tí oòrùn ti ráyè wọlé, òun ló ń di igi. Lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ìbátan olú tí ojú kò rí rọ̀ mọ́ gbòǹgbò, wọ́n ń bá igi fa omi àti oúnjẹ, igi náà ń fún wọn ní ṣúgà tí ewé fi oòrùn ṣe. Ta ni àyíká ta nínú wọn? Èyí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fi orúkọ igi há akẹ́kọ̀ọ́ lórí.

“Àtúnhù” tí ẹ fi pe bí irú igi kan ṣe ń rọ́pò òmíràn títí ilẹ̀ fi di igbó náà ń ṣini lọ́nà. Oko tí wọ́n fi sílẹ̀, ewé Akíntọ́lá ló ń kọ́kọ́ bò ó. Igi tó fẹ́ràn oòrùn á yọrí, òmíràn á sì dàgbà lábẹ́ rẹ̀ títí tí yóò fi gba ipò rẹ̀. “Ìgbapò” ló bá a mu.

“Òrùlé igbó” tí ẹ pe orí àwọn igi ńlá tó pàdé lókè dára púpọ̀. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ gun afárá orí igi ní Lẹ́kí, tó gùn ní mítà 401, wọ́n á fojú ara wọn rí i. Igi kéékèèké tó wà láàárín òrùlé àti ilẹ̀ ni kò tíì lórúkọ. Ẹ dákun, ẹ bá wa bi àwọn ọdẹ Ẹ̀pẹ́ kí a tó dá tiwa.