“Afàrùnhàn” ti sọ ju ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè sọ lọ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú aáyan èdè wa.

Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ dókítà ní kí a máa pe àwọn nǹkan tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró (“biomarker” lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní “afàrùnhàn”. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìṣègùn wọn ò ní kí a má yẹ mọ́fíìmù, ìyẹn àwọn ègé tó para pọ̀ di ọ̀rọ̀, wò.

Kì í ṣe àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “a-” ni mo ń bá jà. “Fi hàn” tó tẹ̀lé e ni. Ẹni tó bá fi nǹkan hàn ọ́, o ti rí i nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni CEA, ọ̀kan nínú àwọn nǹkan tí wọ́n ń wá náà, rí? Purotéènì yìí a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ amusìgá tí kò ní jẹjẹrẹ kankan, ó sì ń pọ̀ nínú ti ẹni tí jẹjẹrẹ wà ní ìfun rẹ̀. Èwo ló wá fi hàn níbẹ̀?

Ẹ tún wo àyẹ̀wò àbùdá (“gene”) tí wọ́n ń pè ní EGFR. Oṣù Kẹfà 2016 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa wá ìyípadà rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ègé DNA tó já bọ́ láti ara kókó jẹjẹrẹ ni wọ́n ń wá. Aláìsàn tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí fún ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé jẹjẹrẹ ń bẹ lára òun. Bóyá oògùn jẹjẹrẹ bí erlotinib á bá a mu ni dókítà fẹ́ mọ̀. Àrùn wo la tún ń fi hàn án? Bí wọn ò bá sì rí nǹkan kan, wọ́n á ní kí wọ́n lọ gé díẹ̀ lára kókó náà yẹ̀ wò, torí kókó lè wà níbẹ̀ kí ègé rẹ̀ má hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Afàrùnhàn tí àrùn wà níwájú rẹ̀ tí kò fi hàn!

“Atọ́ka” ni tèmi. Ẹni tó tọ́ka sí ilé olè kò tíì mú olè.

Ẹni tó dábàá “àmì”, ẹ jọ̀wọ́, a ti ná ìyẹn. Ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ là ń pè ní àmì àìsàn. “Olófòófó inú ẹ̀jẹ̀” ńkọ́? Èébú ni olófòófó. Ẹ má kó o sẹ́nu nọ́ọ̀sì.

Ẹnìkan tún ní “fùkù” ni ojúlówó, pé ìwé ló bí “ẹ̀dọ̀fóró”. Ìyá mi àgbà ta ẹran títí wọ́n fi darúgbó. Fùkù ni wọ́n ń pe ti màlúù, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí nígbà tí àyà bá ń dun ènìyàn. Kí onífùkù sọ ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àti pé ohùn àárín ló wà lórí “a” inú “atọ́ka”, bíi ti “apẹja” àti “akọrin”. Ẹni tó ń kọ “àtọ́ka” láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n mú àpẹẹrẹ tiwọn wá.