Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ajá mi: a ò gé e mọ́ o
Ẹ̀yin tí mo bi léèrè níjọ́sí bóyá kí n jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ iwájú ajá mi tí àrùn oríkèé ti bà jẹ́, ẹ kú àdúrótì o. Dókítà ẹranko ya X-ray àwọn ẹsẹ̀ tó kù, àṣé àrùn yẹn ti wà ní ìgbáròkó náà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń gbé bíi ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ajá, tá a bá wá gé ọ̀kan ńkọ́? Dókítà ní kí ajá náà kọ́kọ́ dín sísanra kù díẹ̀, ó fún un ní meloxicam, oògùn ìrora oríkèé, a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò torí oògùn náà lè pa kíndìnrín lára. Ẹni tó ní kí n fún un ní ibuprofen tèmi, ìyẹn oògùn ìrora tí èèyàn ń lò, ẹ jọ̀ọ́, májèlé ni fún ajá! Ó ṣì ń tiro, àmọ́ ó ti ń dá dìde láàárọ̀. Ó parí síbẹ̀, ẹ ṣé gan-an.