Mo dín eré kù, síbẹ̀ bàbá náà bínú lọ: kí ni mo ṣe?

Ẹni Tuntun Lójú Omi

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà apẹja. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná.

Ọkọ̀ mi gùn tó mítà 4 ààbọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, oṣù 3 péré sì ni mo ṣì fi wà á. Ní nǹkan bí aago 6 àárọ̀, kùrukùru ò tíì ká tán lójú adágún, mo rí bàbá kan tí wọ́n dá wà nínú ọkọ̀ wọn níbi tí kùkùté igi pọ̀ sí. Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà kàn ń rọra rìn fúnra rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá tètè jí dé ibẹ̀ báyìí, ó mọ ohun tó ń wá. Mo bá kọrí síbẹ̀.

Mo dín eré kù o! Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Nígbà tó ku bíi mítà 30 kí n dé ọ̀dọ̀ wọn, mo dín iná ẹ́ńjìnnì kù dé ìdajì, mo juwọ́, mo kọjá, mo sì lọ dúró níwájú wọn, ó tó mítà 40. Lójú tèmi, ó jìnnà tó. N kò tíì fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀ tí bàbá fi ń pariwo. N kò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "aláìmọ̀kan" ketekete. Mo bojú wẹ̀yìn, ọkọ̀ wọn ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, wọ́n fi ọwọ́ kan di ìjókòó mú, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kejì tá nǹkan kiri nísàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ká ìwọ̀ wọn, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n lọ. Ẹja kankan kò jẹ ìwọ̀ tèmi náà títí oòrùn fi mú.

Adágún tóbi. Mo dín eré kù. Mo kí wọn. Mo fún wọn láyè. Èwo ló kù tí n kò ṣe?

Onísùúrù

Àbúrò, ohun kan ṣoṣo tó o ṣe dáadáa níbẹ̀ ni pé o juwọ́. Jẹ́ ká dúró de Ìyá Ọlọ́kọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀.

Ìyá Ọlọ́kọ̀

Onísùúrù, mo rí ẹ o.

Ọmọ mi, fara balẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń fi ìwọ̀ pẹja nínú ọkọ̀, ọkọ̀ 3 ni mo sì ti lò gbó. Ohun tó o ṣe yìí, èmi náà ti ṣe é rí, mo tún ṣe jù bẹ́ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ti eré tó o ní o dín kù. Ọkọ̀ kékeré tó bá ń sáré dáadáa, orí omi ló ń gùn, ìdí rẹ̀ kì í rì púpọ̀, ìgbì tó ń fi sílẹ̀ kì í sì í ga. Èyí tó ń fà bí ìgbín kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìgbì sílẹ̀ rárá. Ìdajì yẹn gan-an ló burú. Tó o bá dín iná kù dé ìdajì, ìdí ọkọ̀ á jókòó sínú omi, imú rẹ̀ á gbójú sókè, á wá máa tú omi bí ẹni ń kọ ebè. Ibẹ̀ ni ìgbì tó ga jù lọ ti ń jáde. Ìgbì tó o sì ti dá sílẹ̀ kó o tó dín eré kù, ìyẹn ò mọ̀ pé o ti dín in kù. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, ó kọjá lára rẹ, ó lọ bá bàbá níbi tí wọ́n jókòó sí. O wá rí i pé ibi tó o ti ń ṣe ọmọlúwàbí gan-an lo ti dà wọ́n láàmú.

Mítà 30 ti pẹ́ jù. Tèmi, bí ó bá ti ku nǹkan bíi mítà 150, mo ti sọ iná wálẹ̀ pátápátá, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Tí imú ọkọ̀ bá ti tẹ̀ wálẹ̀ tí mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi, ó ti tó nìyẹn. Bojú wẹ̀yìn wo ipa ọkọ̀ rẹ. Tí omi bá ṣì ń hó funfun níbẹ̀, o ò tíì dín nǹkan kan kù. Bí àyè bá sì wà láti gba ọ̀nà jíjìn réré kọjá, má tilẹ̀ dín eré kù, gba ọ̀hún, kó o máa lọ.

Èkejì ló dùn wọ́n jù, mo fẹ́ẹ̀ lè búra. O ní wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì ń rìn. Ta ló ń tì í? Atẹ́gùn. Bàbá yẹn ò sinmi, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní kí atẹ́gùn máa gbé àwọn kọjá lórí àwọn kùkùté yẹn, wọ́n sì ń ju ìwọ̀ síwájú. Tí wọ́n bá dé òpin, wọ́n á tún gba ẹ̀gbẹ́ padà sókè, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ wọn wà kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń pẹja, ibi tó ń lọ ni. Ibẹ̀ gan-an lo wá gbé ọkọ̀ tìrẹ sí. Bí ẹnì kan ṣe ń ro oko bọ̀ ni o lọ tẹ́ ẹní síwájú ọkọ́ rẹ̀. Ká ní ẹ̀yìn wọn lo dúró sí ní mítà 40 yẹn, bóyá wọn ì bá má sọ nǹkan kan.

Kó o tó sún mọ́ ọkọ̀ kankan, dúró lókèèrè kó o wò ó fún bí ìṣẹ́jú 2. Tí okùn bá nà láti imú rẹ̀ wọnú omi, ó ti sọ ìdákọ̀ró. Má fojú kéré okùn yẹn o. Ẹni tó mọ ìdákọ̀ró lò á tú okùn sílẹ̀ tó ìlọ́po 5 sí 7 bí omi ṣe jìn, nítorí náà níbi tí omi ti jìn tó mítà 6, okùn tó wà nínú omi lè tó mítà 30 sí 42, ọkọ̀ á sì máa fì yípo pẹ̀lú atẹ́gùn. Tó o bá wá sọ tìrẹ sítòsí pẹ̀lú okùn kúkúrú, ìgbà tí atẹ́gùn bá yí padà lẹ máa forí kanra. Tó bá jẹ́ pé ó ń rìn ṣáá, jẹ́jẹ́, lójú kan, tí ọ̀pá ìwọ̀ sì nàró méjì méjì nídìí ọkọ̀, ìjẹ ló ń wọ́ lẹ́yìn. Okùn ìwọ̀ rẹ̀ lè nà tó mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn, ojú rẹ ò sì ní rí i.

Èmi ò rí i. Ọdún kejì tí mo ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, mo gba ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá, inú mi ń dùn pé n kò dí i lọ́nà níwájú. Mo gbọ́ tí ọ̀pá ìwọ̀ ọkùnrin náà ń ké "wíìììì", mo tilẹ̀ rò pé ẹja ńlá ló mú, mo bá a yọ̀! Èmi ni ẹja náà. Mo gbé ẹ́ńjìnnì sókè, okùn ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bí òwú lára kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin yẹn wa ọkọ̀ wá, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó na ọ̀bẹ sí mi, ó sì jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gé e fún odindi wákàtí kan. Ó ì bá sàn kó bú mi. Mo rò pé mo ti gé e tán, àṣé díẹ̀ kù lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, tín-ín-rín báyìí. Ó ń jẹ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú gíà lọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo tú òróró gíà, ó funfun bíi wàrà. Omi ti wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá máa gba ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi nǹkan bíi mítà 200 sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa ń dúró kó kọjá.

Ti ariwo ńkọ́? Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú omi, ó ju ìlọ́po 4 bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ẹja ní etí nínú orí rẹ̀, ó tún ní ilà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Kódà tí ẹ̀mú bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ sí ilẹ̀ ọkọ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti gbọ́. Ìyẹn ló fà á tí ìwọ náà ò fi pa nǹkan kan.

Omi Ò Lólówó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Omi kì í ṣe ogún baba ẹnì kankan. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Tí bàbá ò bá fẹ́ kí ẹnì kankan sún mọ́ wọn, kí wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́yìnkùlé. Mo tún máa ń gbọ́ pé òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ yẹra fún ẹni tó ń pẹja. Ṣé tí mo bá ti mú ìwọ̀ dání, mo ti di ọba ojú omi nìyẹn?

Atukọ̀ Fẹ̀yìntì

Rárá, o ò di ọba. Ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣi òfin yẹn kà.

Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń dènà ìforígbárí ọkọ̀ lójú òkun, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1972 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 15, 1977, sọ nínú Ìlànà 18 pé kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yẹra fún ọkọ̀ tó ń pẹja. Ṣùgbọ́n lọ wo Ìlànà 3. Ọkọ̀ "tó ń pẹja" níbẹ̀ ni èyí tí àwọ̀n tàbí okùn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè yí bó ṣe fẹ́. Wọ́n sọ ọ́ kedere pé ẹni tó kàn ń wọ́ ìjẹ lẹ́yìn ọkọ̀ kò sí lára wọn. Nítorí náà, ìwọ̀ ọwọ́ rẹ ò gbà ọ́ lọ́wọ́ Ìlànà 15: bí ọ̀nà ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá máa pàdé, ẹni tó rí ẹnì kejì lápá ọ̀tún rẹ̀ ni kó yẹra. Kò gbà ọ́ lọ́wọ́ Ìlànà 13 náà: ẹni tó ń yà ẹlòmíràn sílẹ̀ ni kó fún un láyè. Nínú ọ̀nà omi tóóró, Ìlànà 9 ní kí ẹni tó ń pẹja gan-an má dí ẹni tó ń kọjá lọ́nà. Àwọn omi inú ilẹ̀ sì lè ní òfin tiwọn lórí ìwọ̀nyí, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Gbogbo ohun tí Ìyá Ọlọ́kọ̀ sọ nípa ibi tí bàbá ń lọ, ẹ ò ní rí i nínú òfin kankan nínú wọn. Òfin ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú, kò kàn án bí ẹ bá pa ẹja tàbí ẹ ò pa. Ojú ọ̀run sì tó ẹyẹ fò lóòótọ́, Omi Ò Lólówó, ṣùgbọ́n mélòó ni kùkùté tí ẹja ń sá sí nínú adágún yẹn? Ibi mẹ́ta, mẹ́rin. Ibẹ̀ ni gbogbo yín ń bá ara yín jà sí.

Ará Bèbè

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ bá wa gbọ́. Àwa tí à ń dúró létí omi, ibi tí ìwọ̀ wa bá dé nìkan la ní. Gbogbo adágún ni tiyín, síbẹ̀ ẹ ó wá gba iwájú mi kọjá, ẹ ó juwọ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan sọ ìdákọ̀ró sí mítà 25 síwájú mi, ó wá ń ju ìwọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ mi! Ó ń pẹja lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ọkọ̀ dúró lójú ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ sómi, tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tú okùn, tẹ́ ẹ ń wá ìdérí ihò ìdí ọkọ̀ nínú àpò mẹ́ta, pẹ̀lú iná mọ́tò tó tàn sójú ẹni tó ń fi ẹ̀yìn bọ̀, èmi tí mo jókòó ní bèbè máa ń ka ìṣẹ́jú yín. Ẹnì kan lo 35. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ tó fà á wá.

Ẹni Tuntun Lójú Omi

Ìdérí ihò yẹn, ó fẹ́ jẹ́ èmi. Ẹ forí jì mí.

Mo padà lọ sí adágún lánàá. Ibi kan náà, ọkọ̀ kan náà. Ìyá mi, mo sọ iná wálẹ̀ láti òkèèrè, mo dúró kí ìgbì mi kọ́kọ́ kú, mo wo bàbá fún ìṣẹ́jú 2. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti apá ọ̀tún mi, ọkọ̀ wọn sì ń bá a lọ, bí ẹ ṣe wí gan-an. Mo gba ẹ̀yìn wọn yípo, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fi àjẹ̀ sún mọ́ ọn títí ohùn fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Èmi ni aláìmọ̀kan ọjọ́ Sátidé." Wọ́n wò mí títí. Mo béèrè ibi tí wọ́n ń lọ kí n má bàa dí wọn lọ́nà. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn kọjá kùkùté kẹta, kí n wá bẹ̀rẹ̀ tèmi láti òkè.

Ìgbà yẹn ni mo rí dígí ojú wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, wọ́n fi okùn ìwọ̀ wé e. Ohun tí wọ́n ń tá kiri nísàlẹ̀ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ojú tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n san owó rẹ̀. Wọ́n gbé ìka sẹ́nu. Wọ́n ní kí n dákẹ́, ẹja ń gbọ́.