Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ṣe róbọ́ọ̀tì fún iṣẹ́ àṣekágbá mi?

Àbẹ̀ní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo sì ti dé ọdún àṣekágbá. Róbọ́ọ̀tì kékeré tó máa dá rìn nínú yàrá láì kọlu nǹkan ló wù mí ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dán an wò, pé iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́kítíríìkì nìyẹn, tiwa ò kọjá kóòdù. Bàbá mi, oníríwáyà mọ́tò ni wọ́n ní Takie, tiwọn tún le jù: "Ṣé wáyà ni mo ní kí o lọ kọ́ ní yunifásítì?" Owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀.

Káyọ̀dé: Ọ̀rẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ nípa Shakey ni. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní Stanford Research Institute, Amẹ́ríkà, láàárín 1966 sí 1972. Ibi tí wọ́n ti ń wá bó ṣe máa mọ ọ̀nà tó yá jù gbà ni wọ́n ti gbé A* jáde ní 1968, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti ibì kan dé ibòmíràn. A* tí wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì náà nìyẹn o! Òun náà ni àwọn tó ń ṣe géèmù ń lò kí ọ̀tá lè lé yín bá.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Kóòdù mi ń ṣiṣẹ́ geere lórí kọ̀ǹpútà. Mo gbé róbọ́ọ̀tì náà, ọkọ̀ kékeré ni, sílẹ̀, ó forí sọ ògiri. Táyà òsì ń sáré ju tọ̀tún lọ. Sensor tó ń fi ìró wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó kò rí kọ́tìnnì rárá, aṣọ ń gbé ìró náà mì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe nínú kóòdù tí kò ní àṣìṣe! Ìgbà yẹn ni mo tó kọ́ kóòdù mi láti máa ṣiyèméjì: kó wọn nǹkan lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó mú iye tó bọ́ sí àárín. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi nìyẹn ní kíláàsì.

Mùfú: Ti owó, má tíì ra nǹkan kan. ROS tí wọ́n fi ń kọ kóòdù róbọ́ọ̀tì àti Gazebo tó ń ṣe àfarawé róbọ́ọ̀tì, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì; orí kọ̀ǹpútà ni róbọ́ọ̀tì ẹ á ti kọ́kọ́ máa rìn. Àmọ́ wá ibi tí iná wà o, Gazebo máa ń jẹ bátìrì bí ọmọdé ṣe ń jẹ kaṣú. Tó bá yá, wá Arduino, pátákó kékeré tí kóòdù ẹ máa wà lórí ẹ̀, tó máa darí táyà àti sensor.

Àbẹ̀ní: Ẹ ṣé gan-an. Kí ni kí n wá sọ fún bàbá mi?

Ìyá Ìbejì: Má sọ nǹkan kan. Tí o bá to ọkọ̀ náà tán, gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ Sátidé. Sọ pé táyà kan ń sáré ju èkejì lọ, kí wọ́n bá ẹ wò ó.

Àbẹ̀ní: Háà! Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi pátápátá ni.