Ríra ilẹ̀ nínú Decentraland: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá sí i

Alágbàtà
Decentraland jẹ́ ayé àtọwọ́dá orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè ra ilẹ̀ kó sì kọ́lé sórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ là á, máàpù ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -150 dé 150 lóòró àti níbùú, ìyẹn ló sọ pulọ́ọ̀tì di 90,601. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 16 sí mítà 16. Ojú títì àti gbàgede kì í ṣe títà. Orí Ethereum, ìyẹn blockchain (àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ẹni tó ni nǹkan hàn), ni ilẹ̀ wà, MANA, owó Decentraland, la sì fi ń rà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: MANA orí Polygon (blockchain mìíràn) wà, MANA orí Ethereum wà. Ti Polygon ni wọ́n fi ń ra aṣọ àti fìlà fún avatar, àwòrán tó ń dúró fún yín níbẹ̀. Kò lè ra ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kó owó yín síbẹ̀, ẹ ní láti gbé e padà sórí Ethereum, ẹ ó sì san gas, owó iṣẹ́ tí Ethereum ń gbà. Ẹ fi ETH, owó Ethereum tí wọ́n fi ń san gas, sílẹ̀ nínú wallet (àpò owó orí ẹ̀rọ yín) pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fọwọ́ sí i: àkọ́kọ́ ń fún ọjà náà láyè láti mú MANA yín, èkejì ló ń ra ilẹ̀. Bí ETH bá tán lẹ́yìn àkọ́kọ́, gas ti lọ, ilẹ̀ ò wọlé. Iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná nìkan ni kẹ́ ẹ fàyè gbà, ẹ má fi sílẹ̀ láìní òpin.

Ìyá Kóòdù
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ tó máa gba owó ìpìlẹ̀, àmọ́ gbájúẹ̀ pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán pulọ́ọ̀tì, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára, kó gbé e sọ́jà. Contract address, àdírẹ́sì ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀ lórí Ethereum, ló ń fi ayédèrú hàn. Ẹ mú èyí tó wà nínú ìwé àlàyé Decentraland fúnra wọn, kẹ́ ẹ fi wé èyí tó wà fún ilẹ̀ náà lórí Etherscan, ìkànnì tó ń fi àkọsílẹ̀ Ethereum hàn, látòkè délẹ̀. Àwọn oníjìbìtì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdírẹ́sì tí orí àti ìdí rẹ̀ jọ ojúlówó.

Bẹ́ ẹ bá gba ẹni tó máa kọ́lé, ẹ má fi ilẹ̀ ránṣẹ́ sí wallet rẹ̀ o! Ẹ sọ ọ́ di operator. Á lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí ilẹ̀, kò ní lè tà á.

Kọ́lékọ́lé
Ìwọ̀n lọ̀rọ̀ wà. Pulọ́ọ̀tì kan ní triangle (igun mẹ́ta kéékèèké tí wọ́n fi ń ya nǹkan 3D) 10,000, fáìlì MB 15, gíga mítà 20. Gíga kì í bá pulọ́ọ̀tì dọ́gba: méjì fún yín ní bíi mítà 31, mẹ́ta ló tó fún yín ní 40. Ẹni tó ra ẹyọ kan tó fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́wàá, ẹ̀rín ni.

Àga kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún fíìmù lè jẹ triangle 10,000 yẹn tán. Nínú Blender, ètò tí wọ́n fi ń ya nǹkan 3D, ẹ lo Decimate tó ń dín triangle kù, kẹ́ ẹ tún dín àwòrán ara rẹ̀ kù láti pixel 4096 sí 512. Ohun tó bá yọ sọ́dọ̀ aládùúgbò máa pọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò; ẹ má gbójú fò ó, torí wọ́n máa gé e. Tí deploy (gbígbé iṣẹ́ sórí ilẹ̀) bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo scene.json, fáìlì ètò iṣẹ́ yín: nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ tí wallet yín láṣẹ lé lórí.

Alágbàtà
Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti èrè. November 2021, kété tí Facebook di Meta, ilé iṣẹ́ Metaverse Group ra pulọ́ọ̀tì 116 ní Fashion Street nínú Decentraland ní 618,000 MANA, bíi mílíọ̀nù $2.4 nígbà yẹn. Nígbà tí 2022 fi máa parí, MANA kan ò tó ààbọ̀ dọ́là. Kódà ká ní iye ilẹ̀ náà nínú MANA ò yẹ̀, kò lè tó $310,000 mọ́. Iye méjì lẹ̀ ń ṣọ́: ti ilẹ̀ sí MANA, àti ti MANA sí dọ́là.

Ẹni tó bá sì ní "ẹ̀gbẹ́ títì ni", ẹ rọra. Àlejò á kọ /goto àti nọ́ńbà ibi tó ń lọ sínú chat, ó débẹ̀. Kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kankan kọjá.

Ìyá Kóòdù
Òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn fún ayẹyẹ tàbí àfihàn iṣẹ́ ọnà lẹ fẹ́, ẹ ra NAME (orúkọ tiyín nínú Decentraland) ní 100 MANA, kẹ́ ẹ lo World (ààyè àdáni) tó bá a wá. Kò sí lórí máàpù, ẹ máa fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn àlejò yín.